Wáyà Tí A Ò Gé

Mọ́ńdè, 20 Jánúárì

Ọkọ mi ló fún mi ní ìwé yìí. Wọ́n pín in fún wọn níbi iṣẹ́ ní Apakun, àwòrán ẹ̀rọ amúlétutù ló wà lójú ẹ̀. Ó ní kí n máa kọ ọjọ́ tí a bá ra gáàsì sí i, ká lè mọ bó ṣe ń tán sí. Gáàsì kọ́ ni mo fẹ́ kọ. Kò tíì sẹ́ni tí mo lè bá sọ̀rọ̀ ní Ṣógúnlé yìí, ẹnu mi sì máa ń wúwo láàárín èèyàn. Kíláàsì kejì girama ni mo dé kí bàbá mi tó kú, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò gbàgbé lẹ́tà.

Orúkọ ọkọ mi ni Dáúdà.

Mo kọ ọ́ tán, mo tún wò ó. Inú ìwé nìkan ni mo ti lè pè é. Ìyá mi ní Ìṣẹ́yìn ti kìlọ̀ fún mi kí n tó wọkọ̀: ìyàwó kì í pe orúkọ ọkọ, kì í sì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé, ọmọ ọwọ́ ì báà ṣe. Lateefah, àbúrò ọkọ mi obìnrin, ẹgbẹ́ mi ni, síbẹ̀ Adúmáadán ni mò ń pè é. Ó dùn mọ́ ọn débi pé ó máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kí n lè pè é lẹ́ẹ̀kejì.

Wẹ́sìdé, 22 Jánúárì

Ọyẹ́ ṣì wà. Ètè mi ti là.

Màmá, ìyá ọkọ mi, ti ra ẹ̀rọ kóòlúrúùmù. Tòkunbọ̀ ni, àwọn géńdé mẹ́rin ló gbé e wọlé. Ẹja tútù ni Màmá ń tà, èyí tí àwa ń pè ní òkú Èkó nílé. Fírísà mẹ́ta ló ń lò, ọ̀kan ti kú, ọ̀kan ń ṣe bí ẹni fẹ́ kú. Wọ́n ti kọ́ yàrá kan sẹ́yìnkùlé, fóòmù ni wọ́n fi bo ògiri inú ẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí máa mú tutù. Kó tó di ààwẹ̀ ni Màmá fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ti bá àwọn elẹ́ja sọ ọ́, ẹja ń bọ̀ ní àárín Fẹ́búárì, Títù àti kótè àti ṣáwà. Gbogbo agbára ẹ̀ ló kó síbẹ̀.

Ọkọ mi ló máa so ẹ̀rọ náà. Fírísà àti éà-kọndíṣọ̀n niṣẹ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n irú èyí kọ́ ló máa ń so. Èyí àkọ́kọ́ tó máa jẹ́ tiẹ̀ nìyí, kò sì sí ọ̀gá lórí ẹ̀. Kò sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Mo rí i pé ó ń fọ àwọn irinṣẹ́ tó ti mọ́.

Jímọ̀, 24 Jánúárì

Lónìí a jọ ṣiṣẹ́!

Ó pè mí pé, "Ìyàwó, wá bá mi di etí téèpù yìí mú." Mo dúró sídìí mítà iná níwájú ilé, ó ń fà á lọ, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọjá ẹnu ọ̀nà yàrá wa, ó dé ara ẹ̀rọ lẹ́yìnkùlé. Nígbà tó padà dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní, "Ọgbọ̀n yáàdì." Mo ní, "Ọgbọ̀n," bí ẹni pé mo mọ ohun tó ń lọ. Ó rí i pé mi ò mọ̀ ọ́n. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Wò ó. Tí ẹ̀rọ yìí bá ti ń ṣiṣẹ́, iná tó ń jẹ ò pọ̀ jù. Ìgbà tó bá fẹ́ dìde ni wàhálà wà. Ṣé o mọ alábàárù? Ìgbà tó bá ń gbé ẹrù kúrò nílẹ̀ ló máa ń figbe ta. Tó bá ti dórí ẹ̀, ó ń lọ nìyẹn."

Mo wolẹ̀, mo béèrè pé, "Wáyà wá ńkọ́?"

"Wáyà lọ̀nà. Ó máa ń rẹ iná lójú ọ̀nà. Bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó ni wáyà gbọ́dọ̀ ṣe sanra tó, kí iná má baà ti rẹ̀ tán kó tó débẹ̀. Ọgbọ̀n yáàdì yìí, wáyà mílì mẹ́rin máa gbé e dáadáa. Ká ní ọgọ́rùn-ún yáàdì ni, màá ní ká lọ ra mílì mẹ́wàá."

Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà gbàgbé. Ọ̀nà jìn, wáyà sanra.

Ó tún fi bíréékà hàn mí, bọ́tìnì dúdú kan báyìí. Ó ní olùṣọ́ ni, pé tí iná tó ń gba inú wáyà bá ti ju agbára wáyà lọ, òun ló máa já a kí ilé má jó.

Sátidé, 25 Jánúárì

Wáyà ti wọ́n o. Odindi kọ́ìlì ni Màmá rà, pupa kan, dúdú kan, àwọ̀ ewé kan. Ó ní ẹni tó bá ń ra wáyà ní yáàdì yáàdì, ìyà ló ń rà. Ọkọ mi ń bá ọ̀gá ẹ̀ lọ sí Ṣàgámù, wọ́n fẹ́ tún ẹ̀rọ òtẹ́ẹ̀lì kan ṣe. Teslim rẹwáyà, oníṣẹ́ iná àdúgbò wa, ló máa bá wa na wáyà kó tó dé.

Túsìdé, 28 Jánúárì

Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ òní bó ṣe rí gan-an.

Teslim gun òkè àjà, mo ń tan tọ́ọ̀ṣì fún un, Màmá jókòó sórí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó na wáyà tán, ó sọ̀ kalẹ̀ wá mú pílàyà.

"Màmá, mo fẹ́ gé e o."

"Gé kí ni?"

"Wáyà. Ọgbọ̀n yáàdì la nílò, ọgọ́rùn-ún ló wà nínú kọ́ìlì."

"Teslim, ṣé orí ẹ pé? Wáyà tí a bá gé kì í dàgbà mọ́."

Teslim rẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní nígbà tí àwọn wà ní Okota, bàbá onílé lé àwọn jáde. Àwọn tú wáyà tí àwọn fowó ara àwọn rà, àwọn kó o lọ sílé tuntun, kò dé ìdí òpó. Gígé ni wọ́n ti gé e kúrú. Wọ́n so ó mọ́ àjákù, oríkèé tí wọ́n so jó, iná kú, gbogbo ẹja tó wà ní fírísà bàjẹ́. Ọwọ́ òun fúnra òun lòun fi dà á sí kánààlù. Bàbá Dáúdà wà láyé nígbà náà, ó ń wo òun.

"Ilé onílé náà la wà yìí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní ká jáde, màá ká wáyà mi bí ẹní ni. Ká èyí tó ṣẹ́ kù síbẹ̀."

Bó ṣe rí nìyẹn. Teslim ká a róbótó sókè àjà, lápá ibi tí yàrá wa wà, ó fi rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ dì í le. Bí iná bá wọlé láti iwájú, àfi kó yí po nínú gbogbo ẹ̀ kó tó lọ sẹ́yìn. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn, ṣùgbọ́n ta ni mí?

Màmá wò mí. "Ìyàwó, ojú ẹ ló rí i, kí ẹnu ẹ má rí i o. Àríyànjiyàn Dáúdà ti pọ̀ jù."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Mo ti gbọ́, Màmá."

Jímọ̀, 31 Jánúárì

Ó ti dé láti Ṣàgámù, ó ra búrẹ́dì wá fún mi. Ó wo iṣẹ́ Teslim, ó ní ó dáa. Ó ní, "Màmá, ìyókù wáyà dà?" Màmá ní, "Mo ti kó o pamọ́." Ó ní, "Ẹ ṣeun."

Iṣu ni mò ń bẹ. Ọ̀bẹ ṣá mi lọ́wọ́.

Sọ́ńdè, 2 Fẹ́búárì

Iná dé lẹ́yìn alásàrí. Gbogbo ilé dúró. Ọkọ mi ní bísímílà, ó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀rọ náà ní ùùùùn, bí alábàárù tí ẹrù pọ̀ jù fún, gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tó ń tòògbé, bíréékà já, pà! Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ùùùùn. Pà!

Ó gbé ẹ̀rọ tó fi ń wọn iná. Níwájú ilé, igba àti mẹ́wàá. Lẹ́yìnkùlé, nígbà tí ẹ̀rọ bá ń gbìyànjú àtidìde, àádọ́jọ. Ó ní, "Ọgọ́ta sọnù lójú ọ̀nà? Ọgbọ̀n yáàdì péré?" Ó fi ọ̀bẹ họ ẹnu wáyà wò bóyá ayédèrú ni. Bàbà gidi ni.

Ìyá Motọ́lání, tó máa ń gba ẹja lọ́wọ́ Màmá láti lọ tún tà, dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ ń yẹ wáyà wò. Ẹ ò yẹ ẹsẹ̀ ìyàwó wò." Ó fi ṣe ẹ̀rín. Adúmáadán náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyàwó, ẹsẹ̀ ẹ ló kọ́kọ́ tutù ju kóòlúrúùmù lọ." Màmá ò rẹ́rìn-ín.

Mo wọ yàrá lọ wo ẹsẹ̀ mi.

Tọ́sìdé, 6 Fẹ́búárì

Ó pààrọ̀ kàpásítọ̀ tó máa ń ran ẹ̀rọ lọ́wọ́ láti dìde. Bákan náà ni. Ata rodo ti gbówó lórí.

Sátidé, 8 Fẹ́búárì

Ó tún dán an wò láàárọ̀. Nígbà tí wọ́n wà lẹ́yìnkùlé, mo gun àga, mo fọwọ́ kan àjà níwájú yàrá wa. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àwọn pákó àjà tó kù tutù.

Mo lọ bá Teslim ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, mo ní mo fẹ́ ra gílóòbù. Lẹ́yìn tí mo ra gílóòbù tí mi ò nílò, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn nípa wáyà yẹn."

Ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé kí Màmá lè lé mi kúrò ládùúgbò? Ìwọ tó ń bá ọkọ ẹ sùn ò sọ, èmi tí mo kàn gun àjà ni kí n sọ?"

Ojú tì mí títí mo fi délé.

Túsìdé, 11 Fẹ́búárì

Ooru. Oòrùn yìí ò ní àánú. Fírísà kejì ti kú pátápátá, áìsìbúlọ́ọ̀kù ni Màmá ń rà báyìí láti fi dá ẹja dúró, ó sì ń yọ́ kó tó délé. Ó da díẹ̀ nù lónìí. Kò jẹ́ kí n bá a gbé bókéètì náà.

Ọkọ mi ò jẹun. Ó dùbúlẹ̀, ó ń wo àjà. Àjà yẹn gan-an ló ń wò! Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo kó ọ̀rọ̀ jọ sẹ́nu, mo ní, "Ẹ..."

"Kí ni?"

"Ṣé ẹ fẹ́ omi?"

Ó mu omi.

Jímọ̀, 14 Fẹ́búárì

Àwọn elẹ́ja ti pè. Túsìdé tó ń bọ̀ ni wọ́n máa já ẹja. Màmá ní òun ò lè ní kí wọ́n dá a dúró, pé wọ́n á kó o fún ẹlòmíì, owó òun á sì há síbẹ̀.

Ó bá ọkọ mi wí gidi gan-an. "Gbogbo Èkó lò ń báwọn tún fírísà ṣe, tìyá ẹ lò ò lè tún ṣe." Ó dọ̀bálẹ̀. Nígbà tó dìde, ó ní lọ́jọ́ Sọ́ńdè òun á yọ bíréékà yẹn, òun á fi ńlá sí i fúngbà díẹ̀, kó má máa já, kí ẹ̀rọ lè rí ààyè dìde.

Òun náà kọ́ ló sọ fún mi pé olùṣọ́ ni? Ó mọ̀. Mo rí i lójú ẹ̀ pé ó mọ̀. Ọ̀rọ̀ Màmá ló ń lé e.

Mo ti pinnu. Ọ̀la, màá bá Màmá fúnra wọn sọ ọ́.

Sátidé, 15 Fẹ́búárì

Mo dúró kí wọ́n kírun àsùbáà tán. Mo kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e."

Ó mọ ohun tí mò ń sọ. Ó ń ṣẹ́ tẹ̀súbáà lọ́wọ́, kò dúró. "O ti gbó nílé yìí tó bẹ́ẹ̀?"

Mi ò dìde. Mo ní àjà ń gbóná, mo fọwọ́ kàn án.

"Oòrùn Fẹ́búárì ò ha ń mú páànù gbóná ni? Lọ gbálẹ̀."

Mo gbálẹ̀. Mi ò sunkún. Mo tún gun àga lẹ́yìn tí mo gbálẹ̀ tán, mo wo ibi tí màá dúró sí lọ́la.

Sọ́ńdè, 16 Fẹ́búárì

Iná dé kí oòrùn tó kan àtàrí. Ọkọ mi ti fi bíréékà ńlá sí i. Gbogbo wọn lọ sẹ́yìnkùlé. Èmi dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lábẹ́ ibẹ̀ gan-an. Adúmáadán ní, "Ìyàwó, ṣé o ò ní wá wòran ni?" Mo ní mò ń bọ̀.

Mo gbọ́ bísímílà. Mo gbọ́ ùùùùn. Mò ń retí pà. Kò sí pà. Ùùùùn náà ń lọ, ó ń lọ, gílóòbù pọ́n bí ẹyin iná. Lẹ́yìn náà ni mo gbóòórùn ẹ̀. Bí ìgbà tí ṣílípáàsì bá bọ́ sínú iná. Èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ jáde láàárín pákó àjà, ó rọra ń wò mí.

Mo sáré dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Mi ò mọ ẹni tó la ẹnu mi.

"Dáúdà! Pa á! Dáúdà, pa á!"

Ó pa á. Ọwọ́ ọkọ mi ṣì wà lára ẹ̀rọ, ó ń wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. Mo wólẹ̀ síbi tí mo wà. Mi ò wo ọkọ mi, Màmá ni mò ń wò.

"Màmá, ẹ má bínú. Ẹ fọwọ́ yín kan òkè àjà."

Ọkọ mi ní, "Kí ló wà lókè àjà?" Ó sáré lọ pa iná láti ìdí mítà. Ó fẹ́ gun àga, Màmá ní rárá, kó bọ́ sílẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló gùn ún, Adúmáadán di ìdí ẹ̀ mú. Ó ti pákó àjà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ọwọ́ Màmá ló fi ń mọ ẹja. Bí ẹja bá ti yọ́ rí kí wọ́n tó tún un dì, ìka kan péré ló máa fi kàn án, ó ti mọ̀. Ó ki ọwọ́ yẹn bọ àjà, ó fà á yọ bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò ọbẹ̀. Ó dúró lórí àga, ó di ọwọ́ náà mú sáyà.

"Dáúdà."

"Màmá."

"Èmi ni mo ní kí Teslim má gé e. Gbogbo ìyókù ẹ̀ ló wà níbí. Ìyàwó fẹ́ sọ, èmi ni mo dí i lẹ́nu." Ó sọ̀ kalẹ̀. "Mú pílàyà wá."

Ọkọ mi gun àga, ó wò ó, ó jókòó sórí àga náà, ó ń rẹ́rìn-ín, ojú ẹ̀ sì kún fún omi. "Ọgọ́rùn-ún yáàdì! Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń bá ọgbọ̀n jà, ọgọ́rùn-ún ni iná ń rìn!"

Adúmáadán ò gbọ́ ti wáyà rárá. Ó káwọ́ lórí. "Ẹ fi wáyà yẹn sílẹ̀ ná! Ìyàwó pe Bọ̀ọ̀dá lórúkọ! Kò tilẹ̀ ní 'ẹ pa á', 'pa á' ló ní!"

Wọ́n gé e. Inú róbótó náà, ara àwọn wáyà ti rọ̀, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ọkọ mi wo èyí tó kù tó lọ tààrà sẹ́yìn, kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ó so ó padà, ó yọ bíréékà ńlá, ó dá kékeré padà sáàyè ẹ̀. Ó ní kí n bọ́ sítòsí, kí n di ẹ̀rọ ìwọniná mú fún òun.

Bísímílà. Ẹ̀rọ náà ní hùn, ó dìde. Ó ń lọ. Mo ka nọ́ńbà náà sókè, ohùn mi sì dún: nígbà tó ń dìde, àádọ́wàá ó lé méjì. Lẹ́yìn náà ó gùn sókè padà.

Màmá ti wọlé. Kò jáde títí ilẹ̀ fi ṣú.

Túsìdé, 18 Fẹ́búárì

Ẹja dé. Yàrá tutù, èémí ń jáde lẹ́nu àwọn tó ń kó páálí wọlé bí ẹni ń fa sìgá. Ìyá Motọ́lání wọ inú ẹ̀, ó gbọ̀n, ó ní, "Háà, kóòlúrúùmù yìí mà mú o!" Kò sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀. Èmi náà ò rán an létí.

Màmá ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti Sọ́ńdè, àfi "gbé eléyìí" àti "fi síbẹ̀".

Sátidé, 22 Fẹ́búárì

"Mọ́nsúrátù."

Mo wẹ̀yìn. Ìyàwó ni gbogbo wọn ń pè mí láti ọjọ́ tí mo ti dé. Màmá ló dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kó wáyà tó kù dání. Ó ti yọ èyí tó jó kúrò, ó ká èyí tó dára jọ.

"Fírísà kékeré tó kú yẹn, Dáúdà ní òun lè jí i. Gbé e síwájú ilé, kó o máa ta omi tútù àti sóbò fáwọn tó ń ṣínu. Tìẹ ni, mi ò ní bá ẹ pín in. Wọn ibi tó o fẹ́ kó wà, kí wọ́n gé wáyà síbẹ̀."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Màmá, tí wọ́n bá ní ká jáde nílé ńkọ́?"

Ó wo wáyà ọwọ́ ẹ̀. "Nígbà náà, a máa ra òmíràn."

Èmi ni mo na téèpù, Adúmáadán di etí kejì mú. Mo ní méje, ọkọ mi ní méje ló rí lóòótọ́. Ó ní fírísà kékeré ò nílò wáyà tó sanra tó báyìí, ṣùgbọ́n kò sí òfò níbẹ̀. Ó gbé pílàyà. Màmá kúkú dúró tì wá o, àmọ́ nígbà tí ọkọ mi fẹ́ gé e, Màmá dijú.

Jímọ̀, 28 Fẹ́búárì

Wọ́n ní wọ́n ti rí oṣù. Ọ̀la lààwẹ̀. Mo ti kó sóbò sí fírísà mi, mo ṣí i wò títí Adúmáadán fi ní tí mo bá tún ṣí i, òun á sọ fún sóbò náà pé kó yọ́.

Nígbà tí mò ń so ọ̀rá mọ́ ẹnu ìkòkò, ọkọ mi wá dúró sẹ́yìn mi. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sẹ́ni tó wà nítòsí. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n tún pe orúkọ òun bí mo ṣe pè é lọ́jọ́ yẹn, lẹ́ẹ̀kan péré.

Mi ò gbójú sókè. Mo ní, "Kí ló ń jó?"